Ó ń ka gbogbo ohun tí wọ́n kọ sára ògiri, àmọ́ kò lè sọ pé ebi ń pa òun

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Abẹ́òkútà ni mo ti ń kọ̀wé sí yín. Ọmọkùnrin mi pé ọmọ ọdún mẹ́fà lóṣù tó kọjá. Láti ọmọ ọdún mẹ́ta ló ti ń kàwé, a ò kọ́ ọ o, a kàn rí i lọ́jọ́ kan pé ó ń ka ara agolo mílíìkì ni. Tá a bá wọ mọ́tò, gbogbo sáìnbọ́ọ̀dù ló máa kà, gbogbo ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn dánfó, títí dórí nọ́ńbà NAFDAC ara píọ̀ wọ́tà. Díkíṣọ́nárì bàbá ẹ̀ ló ń gbé sùn. Àmọ́ tébi bá ń pa á, ńṣe ló máa sunkún, kò ní sọ. Tóúnjẹ bá wá dé, á pariwo "Up NEPA!" Tí bàbá ẹ̀ bá tibi iṣẹ́ dé, "Up NEPA!" Gẹ̀ẹ́sì bíi tàwọn òyìnbó YouTube ló ń sọ, bẹ́ẹ̀ Yorùbá là ń sọ nílé. Ó ń pe ìyá mi ní "o", màmá sì ti ń bínú. Dókítà kan ní ọ́tísìmù ni, pé bí wọ́n ṣe bí i nìyẹn, ọ̀nà tí ọpọlọ ẹ̀ ń gbà lo ọ̀rọ̀ àti bó ṣe ń bá èèyàn ṣe yàtọ̀. Tíṣà ẹ̀ ní ká má sọ Yorùbá sí i mọ́, pé òun ló ń dà á lọ́kàn rú. Ẹlòmíì ní ọpọlọ ẹ̀ ló pọ̀, ká jẹ́ kó máa kàwé lọ, pé ọ̀jọ̀gbọ́n la bí. Èwo ni ká gbọ́? Ṣé ká gba díkíṣọ́nárì yẹn lọ́wọ́ ẹ̀ ni?

Ìdáhùn: Mọ́mì, ẹ kú ìtọ́jú o. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka ohun tẹ́ ẹ kọ. Nígbà tí mo débi "Up NEPA" mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà mo dúró, torí ibẹ̀ gan-an ni ìdáhùn èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tẹ́ ẹ bi mí wà, ẹ ṣáà jẹ́ n sọ ti ìwé kíkà ká tó débẹ̀. Iṣẹ́ mi ni kí n máa bá àwọn ọmọ tí ọ̀rọ̀ ò tètè yọ lẹ́nu wọn ṣiṣẹ́, ohun tí wọ́n ń pè ní spíìsì tẹ́rápì, ọmọ tó fẹ́ràn ọ̀rọ̀ bíi tiyín tí mo ti bá jókòó kì í ṣe ẹyọ kan, kì í ṣe méjì. Ẹni tó ní kẹ́ ẹ jẹ́ kó máa kàwé lọ, ìdajì ọ̀rọ̀ ẹ̀ dáa. Tíṣà tó ní kẹ́ ẹ pa Yorùbá tì, n ò rí ìdajì kankan tó dáa níbẹ̀, mà á padà sórí ìyẹn.

Kíkà tó ń kà yẹn lórúkọ. Hyperlexia ni wọ́n ń pè é, ọdún 1967 ni àwọn olùwádìí méjì ní Amẹ́ríkà tí wọ́n jọ ń jẹ́ Silberberg fún un lórúkọ yẹn: ọmọ tó ń pe ọ̀rọ̀ inú ìwé ju bí ọjọ́ orí ẹ̀ ṣe mọ, tẹ́nì kankan ò jókòó kọ́ ọ, àmọ́ tóye ohun tó ń kà ò bá ẹnu ẹ̀ dọ́gba. Lọ́dún 2017 àwọn kan ní Montreal, ní Kánádà, kó gbogbo irú ọmọ bẹ́ẹ̀ tí wọ́n ti kọ̀wé nípa wọn jọ, wọ́n rí i pé 84 nínú 100 wọn ló ní ọ́tísìmù. Ẹ má dojú ẹ̀ kọ ẹ̀yìn o, kì í ṣe gbogbo ẹni tó ní ọ́tísìmù ló ń kàwé báyìí, láti bíi 6 dé 21 nínú 100 ni wọ́n ṣírò ẹ̀ sí. Àwọn ọmọ kan wà tí ọ̀rọ̀ ò jáde lẹ́nu wọn rárá títí wọ́n fi dàgbà.

Kẹ́ ẹ má bàa rò pé ohun àràmàǹdà ni kí ẹnu kà á kí òye má tẹ̀ lé e, àwa náà ń ṣe é. Mélòó nínú wa ló lọ ilé kéwú, tó ka Kùránì látòkè délẹ̀, tóhùn ẹ̀ dùn tí gbogbo àdúgbò ń kan sáárá sí i, tí kò sì lè fi Lárúbáwá bèèrè omi mu? Ohun tó ń ṣe ọmọ yín sún mọ́ ìyẹn. Lẹ́tà wù ú, bó ṣe tò wù ú, bó ṣe ń dún létí wù ú, ìtumọ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn, ó sì nílò ẹni tó máa fà á lọ́wọ́ wá.

Ẹ dán nǹkan kan wò lálẹ́ òní. Ẹ mú páálí kékeré, ẹ fi máákà kọ ọ́ gàdàgbà sára ẹ̀: Gbé ife pupa wá. Ẹ má sọ̀rọ̀, ẹ má nawọ́ síbì kankan, ẹ ṣáà gbé e síwájú ẹ̀. Tó bá dìde tó lọ gbé ife pupa, ó yé e, ọ̀nà ti là nìyẹn. Tó bá kà á sókè tó jókòó sínú ohun tó ń ṣe, ẹnu ló fi kà á, ẹ̀yin náà ẹ dìde, ẹ fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ "ife" lára páálí, ẹ lọ fọwọ́ kan ife. Tó bá gbé ife aláwọ̀ ewé wá, ẹ yọ̀, ìdajì ti wọlé, àwọ̀ ló kù. Ìṣẹ́jú márùn-ún lójúmọ́ tó, ẹ má sọ ọ́ di lẹ́sìn. Mo rí ọmọ kan tí wọ́n ti ń pariwo orúkọ ẹ̀ fún ọdún méjì tí kò bojú wẹ̀yìn, tí gbogbo èèyàn ní kò gbọ́ràn, ọjọ́ tí wọ́n kọ "Wá wọ bàtà" fún un ló wọ bàtà. Etí ẹ̀ ò di, orí ẹ̀ ò le, ohùn èèyàn ló máa ń yára sá lọ mọ́ ọn létí, ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sílẹ̀ máa ń dúró dè é.

Látibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti mú ọ̀rọ̀ ebi. Ẹ kọ "Ebi ń pa mí" sórí páálí, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu ọ̀nà kíṣìnnì níbi tójú ẹ̀ tó. Ẹ wò ó dáadáa, "mí" ni mo kọ, kì í ṣe "ọ". Ọ̀rọ̀ ẹnu ọmọ lẹ máa kọ, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu ìyá. Tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún lásìkò oúnjẹ, ẹ mú un débẹ̀, ẹ fọwọ́ tọ́ka sí i, ẹ̀yin fúnra yín ẹ kà á, kẹ́ ẹ wá fún un lóúnjẹ lójú ẹsẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé àwo dání kẹ́ ẹ ní àyàfi tó bá pè é dáadáa, oúnjẹ kì í ṣe ẹ̀bùn ìdánwò, ọmọ tébi ń pa ò lè kọ́ nǹkan kan. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan òun fúnra ẹ̀ á máa lọ dúró síbẹ̀. Ẹ fi "Inú ń run mí" kún un, ẹ fi "Ariwo yìí ti pọ̀ jù" kún un, ẹ má gbàgbé "Mi ò fẹ́", torí gbogbo wa la máa ń kọ́ ọmọ ní bó ṣe máa gbà, tá a máa ń gbàgbé bó ṣe máa kọ̀.

Ó yá, Up NEPA.

Ẹ ronú ẹ̀ wò lójú ọmọdé. Kí ló ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí wọ́n bá pariwo yẹn ládùúgbò? Ohun tí gbogbo ilé ti ń retí láti àárọ̀ ló dé lójijì, fáànù bẹ̀rẹ̀ sí í yí, àwọn ọmọ ń fò, àgbàlagbà pàápàá ń rẹ́rìn-ín. Ọmọ yín ò gbọ́ ọ bí ọ̀rọ̀ iná. Ó gbọ́ ọ bí ọ̀rọ̀ téèyàn máa ń sọ nígbà tóhun tá à ń retí bá dé. Oúnjẹ dé, Up NEPA. Dádì dé, Up NEPA. Ṣé ẹ rí i pé kò ṣì í? Àwa gan-an ńkọ́, NEPA ti kúrò nílẹ̀ látọdún 2005, wọ́n sọ ọ́ di PHCN, wọ́n tún wá pín ìyẹn ta fáwọn ilé iṣẹ́ lọ́dún 2013, àwa ò yé pariwo orúkọ òkú.

Ohun tó ń ṣe yìí, echolalia ni wọ́n ń pè é, kéèyàn gbé gbólóhùn tó ti gbọ́ níbì kan lódindi kó wá lò ó níbòmíì. Ọ̀kan lára àwọn dókítà tó kọ́kọ́ kọ̀wé nípa ọ́tísìmù, Leo Kanner, ní Johns Hopkins ní Baltimore, ti rí i lọ́dún 1943 lára ọmọ 11 tó kọ nípa wọn. Àkọ́kọ́ nínú wọn ni Donald, ará ìlú Forest ní Mississippi, ọmọ tó ti mọ Sáàmù 23 lórí nígbà tó ṣì kéré gan-an, pẹ̀lú ìbéèrè àti ìdáhùn 25 nínú katikísìmù ìjọ Presbyterian. Bàbá Donald fẹ́ kọ́ ọ láti máa sọ pé "bẹ́ẹ̀ ni", ló bá ní tó bá ti lè sọ ọ́, òun á gbé e sí èjìká. Ọmọ sọ ọ́. Láti ìgbà yẹn, lẹ́nu Donald, "bẹ́ẹ̀ ni" ò túmọ̀ sí nǹkan míì ju "gbé mi sí èjìká" lọ. Lọ́dún 1946 Kanner tún kọ̀wé míì, ó ní ọmọ kan wà tí ìyá ẹ̀ ń kọ orin ọmọdé kan fún nígbà tó wà lọ́mọ ọdún méjì, orin tí "Peter eater" wà nínú ẹ̀, ìyá ń kọrin lọ́wọ́ ni ìkòkò bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ gbàà sílẹ̀, látọjọ́ yẹn gbogbo ohun tó bá ti jọ ìkòkò, "Peter eater" lọmọ ń pè é. Ẹni tí kò sí nílé lọ́jọ́ yẹn á ní ìsọkúsọ ni. Ìyá mọ̀ pé kì í ṣe ìsọkúsọ.

Kó tó dìgbà yẹn àti fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ẹ̀, ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń wá ni bí wọ́n ṣe máa pa àtúnsọ yẹn mọ́ ọmọ lẹ́nu. Lọ́dún 1981 ni Barry Prizant àti Judith Duchan jókòó ti àwọn ọmọ kan tó ń tún ọ̀rọ̀ sọ, wọ́n wo ohun tọ́mọ ń ṣe lásìkò tó ń sọ ọ́, ibi tójú ẹ̀ wà, ibi tọ́wọ́ ẹ̀ wà, wọ́n rí i pé iṣẹ́ ló ń fi àtúnsọ yẹn ṣe: òmíì ń fi dáhùn, òmíì ń fi bèèrè, òmíì ń fi tọ́ ara ẹ̀ sọ́nà. Èmi náà ní tèmi. Ọmọ kan wà lọ́dọ̀ mi tí kì í bá èèyàn sọ̀rọ̀, àmọ́ lọ́jọ́ kan láàárín kíláàsì ló bẹ̀rẹ̀, "Store in a cool dry place, store in a cool dry place," ó ń sọ ọ́ ó ń sunkún. A wá inú báàgì ẹ̀, a ò rí oògùn, a ò rí bisikíìtì. Obìnrin tó ń bá wa gbálẹ̀ ló ní, "Ẹ ṣílẹ̀kùn fọ́mọ yìí jàre, ooru ló ń mú un." Bẹ́ẹ̀ ni. A mú un jáde sábẹ́ igi máńgòrò, ó dákẹ́.

Torí náà ẹ ra ìwé kékeré kan. Gbólóhùn tó bá sọ tó dà bíi pé kò bá ibẹ̀ mu, ẹ kọ ọ́, ẹ kọ ibi tẹ́ ẹ rò pó ti gbọ́ ọ, ẹ kọ ohun tó ń fẹ́ lásìkò yẹn. Kí oṣù tó parí ẹ máa ti ní díkíṣọ́nárì tiyín nípa ọmọ yín. Ẹ fún tíṣà ní ẹ̀dà kan. Tó bá wá pariwo Up NEPA nígbà tí bàbá ẹ̀ wọlé, ẹ má rẹ́rìn-ín kẹ́ ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ má sì ní "má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́". Ẹ dá a lóhùn bí ẹni tó gbọ́ ọ yé: "Up NEPA! Dádì ti dé!" Ohùn kan náà, ayọ̀ kan náà, lójoojúmọ́. Ó lè di "Up NEPA, Dádì ti dé" lẹ́nu òun náà, tó bá yá "Dádì ti dé" á dá dúró. Àwọn kan ti ń ta kọ́ọ̀sì olówó gọbọi báyìí lórí íntánẹ́ẹ̀tì nípa irú ọmọ tó ń gbé gbólóhùn lódindi yìí, ẹ̀rí ẹ̀yìn ẹ̀ ò tíì tó owó tí wọ́n ń gbà, ẹ fowó yín ra máákà. Tẹ́nì kan bá sì wá ní òun á máa di ọwọ́ ọmọ mú kó fi máa tẹ lẹ́tà lórí kíbọọ̀dù, ẹ ṣe é ní pẹ̀lẹ́ kẹ́ ẹ sìn ín jáde. Ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ wa ní Amẹ́ríkà, ASHA, ti kìlọ̀ nípa ẹ̀ gidigidi lọ́dún 2018: ọ̀rọ̀ ẹni tó di ọwọ́ mú ló ń jáde, kì í ṣe tọmọ.

Ọ̀rọ̀ màmá àgbà wá ńkọ́? Ẹ bá mi kí wọn. Ẹ wá bi wọ́n: ta ló ń pe ọmọ ọdún mẹ́fà ní "ẹ"? Kò sí. Látàárọ̀ ṣúlẹ̀, "ṣé o ti jẹun", "kí lo ń wá níbẹ̀", "o ò gbọ́ ni" lọmọ ń gbọ́. Àwọn ọmọ yòókù máa ń ṣọ́jú àgbà, wọ́n á rí i pé nígbà tí mọ́mì àwọn ń bá ìyá tiwọn sọ̀rọ̀ ó yí i sí "ẹ", wọ́n á gbé e láìmọ̀ pé àwọn gbé e. Tiyín gbé gbólóhùn bó ṣe bọ́ sí i létí gẹ́lẹ́. Tó bá wá bá yín tó ní "ṣé o fẹ́ mu omi?", òùngbẹ ló ń gbẹ òun fúnra ẹ̀, ohun tẹ́ ẹ máa ń sọ kí omi tó dé ló sọ. Kanner rí èyí náà, pé àwọn ọmọ ẹ̀ ń pe ara wọn ní "ìwọ". Àmọ́ lédè òyìnbó ó parí síbẹ̀, ní tiwa ńṣe ló tún gbé ẹ̀sùn ọ̀yájú lé ọmọ lórí.

Nǹkan tó dáa níbẹ̀ ni pé irú ọmọ yìí fẹ́ràn òfin, pàápàá òfin tí wọ́n kọ sílẹ̀. Ẹ fa ìlà sáàárín ìwé. Lápá kan ẹ kọ Ẹ, ẹ to orúkọ sábẹ́ ẹ̀, màmá àgbà, dádì, mọ́mì, tíṣà, alága ilé. Lápá kejì ẹ kọ O, ẹ to orúkọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ẹ̀ àti àbúrò ẹ̀ síbẹ̀. Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Kí ẹ tún wá mú ìkíni wọlé, torí Ọlọ́run ló bá wa ṣe é, kò sí ohun tó dùn mọ́ irú ọmọ yìí tó "ẹ kú". Ẹ̀rọ ni. Ẹ kú àárọ̀, ẹ kú ọ̀sán, ẹ kú ìjókòó, ẹ kú ìdúró, ẹ kú ọjà, ẹ kú ooru, ohun tó bá ti wà níwájú yín ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, ó ti di ìkíni, "ẹ" sì ti wà lórí ẹ̀, kò sẹ́ni tó máa bínú. Ọmọ kan tí mo mọ̀ bá bàbá arúgbó kan tó ń tún fáànù ṣe, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní "Ẹ kú fáànù o, sà." Bàbá ní "Ọ̀ọ́, ó o ṣé," wọ́n bá iṣẹ́ wọn lọ. Mo ti fi ìyẹn ṣe àpẹẹrẹ fáwọn òbí kò mọye ìgbà.

Irú ọ̀rọ̀ dídá bẹ́ẹ̀ ti pẹ́ tí wọ́n ti ń rí i. Hans Asperger, ní Vienna lọ́dún 1944, kọ nípa ọmọ kan tó ní òun ò lè ṣe é ní tẹnu, àmọ́ òun lè ṣe é ní torí, ọ̀rọ̀ Jámánì tó fi pe "ní ti orí" yẹn ò sí nínú díkíṣọ́nárì kankan, ọmọ yẹn ló dá a sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. (Ẹ lè gbọ́ kí wọ́n máa pe irú ọmọ yín ní "Asperger". Wọ́n ti ń fi orúkọ yẹn sílẹ̀, ìwé tí àwọn dókítà Amẹ́ríkà ń lò ti kó gbogbo ẹ̀ sábẹ́ ọ́tísìmù lọ́dún 2013, nígbà tó sì di 2018 onítàn kan fi ìwé ìgbà yẹn hàn pé Asperger wà lára àwọn tó fi ọmọdé ránṣẹ́ síbi táwọn ìjọba Hitler ti ń pa ọmọ aláàbọ̀ ara. Èmi ò fẹ́ orúkọ yẹn lára ọmọ kankan.)

Nǹkan kan wà tẹ́ ẹ ò bèèrè àmọ́ tó dá mi lójú pé ó ń ṣẹlẹ̀ nílé yín. Ṣé ó máa ń sunkún tẹ́ ẹ bá ń jáde, tẹ́ ẹ sì ti sọ fún un pé "mò ń bọ̀"? Ẹ gbọ́ gbólóhùn yẹn bíi pé ẹ ò gbọ́ ọ rí. Ẹ ní ẹ̀ ń bọ̀, ẹ kọ ẹ̀yìn sí i, ẹ ń lọ! Lójú ọmọ tó ń gba ọ̀rọ̀ bó ṣe wà, irọ́ gbuu ni. "Mò ń lọ sọ́jà. Mà á padà dé tí aago bá lu mẹ́rin." Ẹ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún un kẹ́ ẹ tó jáde, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí aago mẹ́rin bá yín nílé o. Bẹ́ẹ̀ náà ni "gbé ẹnu ẹ dákẹ́", tá á fi ọwọ́ gbá ẹnu mú, tẹ́ ẹ máa rò pé ó ń fi yín ṣe yẹ̀yẹ́. Ìyẹn ò ní kẹ́ ẹ má fi òwe bá a sọ̀rọ̀ o. Àwọn kan nínú wọn máa ń kó òwe jọ bí ẹni ń kó ìdérí ọtí, wọ́n ṣáà fẹ́ kẹ́nì kan jókòó sọ fún wọn pé báyìí ló ṣe dún, báyìí ló ṣe túmọ̀ sí.

Ọ̀rọ̀ èdè ni mo ní mà á padà sí. Tíṣà ní Yorùbá ń da ọmọ lọ́kàn rú. Wọ́n ti yẹ èyí wò níbi púpọ̀. Ní Montreal, lọ́dún 2012, wọ́n fi àwọn ọmọ ọlọ́tísìmù tó ń gbọ́ èdè méjì wé àwọn tó ń gbọ́ ẹyọ kan, èdè méjì ò fa ọmọ kankan sẹ́yìn ju ẹlẹ́yọ kan lọ. Àwọn tó tún wá a wò lẹ́yìn wọn, ibì kan náà ni wọ́n já sí. Ohun tí mo rí nílé àwọn tó gba irú ìmọ̀ràn tíṣà yẹn ni pé ìyá tí Gẹ̀ẹ́sì ò fi bẹ́ẹ̀ dá lẹ́nu á wá dín ọ̀rọ̀ tó ń bá ọmọ ẹ̀ sọ kù, á di "sit down", "come and eat", "no", ó tán. Màmá àgbà ò ní lè bá a sọ nǹkan kan mọ́. Kí lọmọ wá jèrè níbẹ̀?

Pé Gẹ̀ẹ́sì YouTube wá ń jáde lẹ́nu ẹ̀, kì í ṣe Yorùbá yín ló kọ̀. Ní Tùnísíà, lọ́dún 2019, àwọn olùwádìí kan kọ nípa àwọn ọmọ ọlọ́tísìmù tí wọ́n ń sọ Lárúbáwá inú ìwé, ti ìròyìn àti kàtúùnù, dípò Lárúbáwá tí ìyá àti bàbá wọn ń sọ nílé. Ẹ fojú inú wò ó, ọmọ kékeré tó ń bèèrè bọ́ọ̀lù bí ẹni ń ka ìròyìn. Tẹlifíṣọ̀n máa ń sọ gbólóhùn kan náà, pẹ̀lú ohùn kan náà, ìgbà ọgọ́rùn-ún, kì í wojú ọmọ, kì í retí ìdáhùn. Èèyàn ò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Àmọ́ Yorùbá ní nǹkan kan tó ń ṣe bẹ́ẹ̀, oríkì ni. Ẹ máa kì í láràárọ̀, kó má yí padà, ọ̀rọ̀ kan náà ní ipò kan náà, kẹ́ ẹ máa fọwọ́ pa á lẹ́yìn tí kò bá kọ̀ ọ́. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ kì í débi tó kù ọ̀rọ̀ kan, kẹ́ ẹ dákẹ́. Kẹ́ ẹ dúró. Ẹ má ràn án lọ́wọ́, ẹ ka ení dé ẹ̀wá nínú yín. Ọ̀pọ̀ ìgbà lọmọ á fi ọ̀rọ̀ tó kù dí i, torí kò lè fara da kí nǹkan tó mọ̀ já sáàárín.

Tẹ́ ẹ bá ń kọ Yorùbá fún un, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi àmì sí i. Mo mọ̀ pé gbogbo wa là ń kọ ọ́ lórí fóònù láìfàmì sí i, àwa mọ èyí tá à ń sọ. Òun ò mọ̀ ọ́n. Ẹ kọ "oko" fún un láìlámì, kí ló fẹ́ kà, ọkọ ni, ọkọ̀ ni, ọkọ́ ni, àbí oko tí wọ́n ń ro? Ẹ to mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pẹ̀lú àmì àti àwòrán, ẹ máa wo ojú ẹ̀, ẹ máa rò pé ẹ fún un ní súìtì. Ìwádìí tó ti pẹ́ láti 2003 fi hàn pé etí àwọn kan nínú wọn mú ju tiwa lọ tó bá di pé ohùn kan ga ju ìkejì lọ. Ibi tó ti máa ń ṣòro fún wọn, bí wọ́n ṣe rí i lára àwọn tó ń sọ èdè Ṣáínà lọ́dún 2015, ni kí wọ́n mọ̀ látinú ohùn pé ìbéèrè lẹni yìí ń bèèrè. Torí náà ẹ má retí pé á mọ̀ pé ẹ̀ ń bínú torí pé ohùn yín yí padà. Ẹ sọ ọ́ lọ́rọ̀: "Inú ń bí mi."

Ọ̀jọ̀gbọ́n la bí? Ó ṣeé ṣe, mi ò ní ṣèlérí. Ọmọ London ni Daniel Tammet, ọdún 1979 ni wọ́n bí i, ó ti dàgbà kí wọ́n tó sọ fún un pé ó ní ọ́tísìmù, lọ́dún 2004 ó ka pi, nọ́ńbà tí kì í tán tí wọ́n fi ń ṣírò òbírí, látorí títí dórí díjítì 22,514 ní Oxford, fún wákàtí márùn-ún ó lé, kò pẹ́ lẹ́yìn ẹ̀ ó kọ́ èdè Iceland ní ọ̀sẹ̀ kan tó fi dáhùn ìbéèrè lórí tẹlifíṣọ̀n wọn. Òǹkọ̀wé ni báyìí, ó sì ti túmọ̀ ewì Les Murray sí Faransé, akéwì Ọsirélíà tóun náà ń sọ nígbà ayé ẹ̀ pé ọ́tísìmù wà lára òun, tó sì ṣiṣẹ́ atúmọ̀ èdè ní yunifásítì. Kò burú. Àmọ́ ẹ gbọ́ ti Christopher náà, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí Neil Smith àti Ianthi Tsimpli kọ ìwé nípa ẹ̀ lọ́dún 1995. Ó gbọ́ èdè tó tó 15 sí 20. Wọ́n dá èdè kan sílẹ̀ fún un láti dán an wò, Epun lorúkọ ẹ̀, wọ́n ki òfin kan bọ inú ẹ̀ tó ní kéèyàn máa ka ọ̀rọ̀ dórí ẹ̀kẹta kó tó lẹ nǹkan mọ́ ọn, irú òfin tí kò sí nínú èdè èèyàn kankan. Ẹni tó ń gbé èdè mì bí ẹ̀bà, òfin yẹn ò wọlé sí i lórí. Ọkùnrin yìí kan náà, bọ́tìnnì aṣọ ẹ̀, wàhálà ni, ó máa ń ṣìnà, ilé tí wọ́n ti ń tọ́jú èèyàn ló ń gbé. Bẹ́ẹ̀ gbogbo èdè yẹn wà lórí ẹ̀ o.

Torí náà bọ́tìnnì náà ṣe pàtàkì. Ẹ fi ìwé kọ́ ọ ní ìwẹ̀, ẹ kọ ọ́ sára ògiri balùwẹ̀, omi, ọṣẹ, kàn-ìn-kàn-ìn, tówẹ̀lì. Ẹ fi àkọlé kọ́ ọ lówó. Ẹ dẹ́kun pípè é síwájú àlejò pé "wá ka èyí fún àǹtí," mo mọ̀ pé inú yín ń dùn, àmọ́ ó ti ń di ọ̀bọ lójú wọn, òun náà á wá máa rò pé ìgbà tí òun bá kàwé nìkan lẹ máa ń rí òun.

Mo fẹ́ kẹ́ ẹ lọ yẹ etí ẹ̀ wò, ẹ má ní torí ó ń gbọ́ YouTube. Ní ti ọ́tísìmù tí dókítà sọ, Abẹ́òkútà lẹ wà, Àrò wà lọ́wọ́ yín, wọ́n ní ẹ̀ka tó ń rí sí ọmọdé. Mo mọ ohun táwọn èèyàn máa sọ tí wọ́n bá gbọ́ pé ẹ gbé ọmọ lọ Àrò, láti kékeré la ti ń fi orúkọ ibẹ̀ bú ara wa. Ẹ má dá wọn lóhùn. UCH ní Ìbàdàn náà wà tí Àrò bá nira fún ọkọ yín láti gbà.

Díkíṣọ́nárì yẹn, ẹ má gbà á lọ́wọ́ ẹ̀. Kó máa gbé e sùn, kí ló ṣe é? Ohun tí mà á ní kẹ́ ẹ ṣe ni kẹ́ ẹ máa jókòó tì í fún ìgbà díẹ̀ lójúmọ́, kó ka ọ̀rọ̀ kan, kẹ́ ẹ lọ wá nǹkan náà nínú ilé, tó bá ka "ladle" kẹ́ ẹ gbé ìgbakọ lé e lọ́wọ́ kẹ́ ẹ pè é ní ìgbakọ. Kẹ́ ẹ sì tètè ra irú ẹ̀ gan-an kan pamọ́, èèpo ẹ̀yìn kan náà, ìtẹ̀jáde kan náà, torí ọjọ́ tí èyí tó wà lọ́wọ́ ẹ̀ bá já, ẹ ò ní sùn lóru ọjọ́ yẹn.